Àáké, Iná àti Èéfín: Ìtàn Bí Ènìyàn Ṣe Ń Bá Oyin Tó Wọ Ọgbà Ilé Lò

  Ọ̀rọ̀ oyin ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe oyin inú ìgò tí à ń rà lọ́jà, bí kò ṣe oyin ìgbẹ́ tí ó fò wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ó sì sọ ihò igi máńgòrò, abẹ́ àjà tàbí ògiri ọgbà di ilé ara rẹ̀. Àdúgbò tí irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, igbe kan náà ni àwọn ará ilé máa ń ké: "Ẹ gbé epo bẹntiróò wá!"

Ṣé iná nìkan ni ọ̀nà tí a mọ̀ ni? Kí ni ìtàn sọ nípa bí ọmọ ènìyàn ti ṣe ń bá kòkòrò yìí gbé láti ọjọ́ pípẹ́? Èrò tèmi ni pé ìtàn náà jẹ́ ìrìn-àjò gígùn láti ìdí àáké àti iná dé ìdí èéfín. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe bí oyin bá wọ ọgbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, nítorí oyin a máa pa ènìyàn, ènìyàn náà a sì máa fi iná oyin jó ilé ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Nínú èdè Yorùbá, oyin ni a ń pe kòkòrò náà, oyin náà ni a sì ń pe ohun dídùn tí ó ń ṣe. Bí a bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ọmọdé, a lè sọ pé "kòkòrò oyin", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sábà máa ń fi ìtumọ̀ hàn wá. "Oyin ta mí" kò lè túmọ̀ sí ohun mìíràn ju kòkòrò lọ. "Mo lá oyin" kò sì lè túmọ̀ sí kòkòrò. Nínú orúkọ ènìyàn, adùn nìkan ni a ń mú: Oyinlọlá, Oyindàmọ́lá, Oyinkánsọ́lá. N kò tíì pàdé ẹni tí ó ń jẹ́ Oyintamí.

Èdè wa kò ya olùṣe kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níhìn-ín, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa oyin run ti pa oyin run ní ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé oyin kì í ṣe agbọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àmì ohùn yín: agbọ́n ni kòkòrò tí ń ta ni, agbọ̀n ni a fi ń kó ẹrù, àgbọn ni a ń jẹ, àgbọ̀n ni ìsàlẹ̀ ẹnu. Ilé tí agbọ́n ń kọ́ dàbí bébà, nítorí igi ni ó ń jẹ lẹ́nu tí ó fi ń mọ ọ́n, kì í sì í tọ́jú oyin pamọ́ sínú rẹ̀. Ìda ni oyin fi ń kọ́ afárá tirẹ̀. Ẹni tí yóò bá yanjú ọ̀rọ̀ ọgbà rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ èyí tí ó ń bá lò nínú méjèèjì.

Ohun tí àpáàdì sọ

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yunifásítì Goethe ní ìlú Frankfurt, ní Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àpáàdì àwọn ará Nok, àwọn ènìyàn àtijọ́ àárín gbùngbùn Nàìjíríà tí a mọ̀ fún ère amọ̀ wọn. Wọ́n yẹ àpáàdì tí ó lé ní 450 wò láti mọ irú oúnjẹ tí ó ti wà nínú ìkòkò wọ̀nyẹn rí. Ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, àmì ìda oyin ni wọ́n bá. Èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú wọn ti tó nǹkan bí 3,500 ọdún.

Ẹ wo bí ó ti rí. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé kan ní ilẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn ti ń wọ inú igbó lọ bá oyin, wọ́n sì ń kó afárá rẹ̀ bọ̀ wálé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ́ afárá náà lórí iná, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi oyin se ẹran, ó sì ṣeé ṣe pé inú ìkòkò náà gan-an ni oyin ń gbé.

Ìda náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà ṣe jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí iṣẹ́ ọ̀rúndún 12 sí 15. Ọgbọ́n ìda yíyọ́ ni àwọn àgbà oníṣẹ́-ọnà náà lò: a ó fi ìda mọ àwòrán, a ó fi amọ̀ bò ó, a ó yọ́ ìda dànù, a ó sì da irin yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣeé ṣe láìsí àwọn tí ó mọ ọ̀nà ilé oyin.

Òwe àáké

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó ń lépa ohun ńlá, pé kí ó má ṣe ro ohun tí yóò ná an. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, ó sọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ oyin jẹ́ láyé àtijọ́: a ó rí ibi tí oyin wọ̀ sí, a ó gbé àáké, a ó fọ́ ilé náà, a ó kó ohun tí ó wà níbẹ̀, a ó sì máa lọ.

Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kó oyin nínú igbó máa ń lọ, nítorí oyin kì í fò kiri nínú òkùnkùn bí ó ti ń ṣe lọ́sàn-án. Wọn a tan ògùṣọ̀, wọn a tì í sí ẹnu ihò igi. Agbo oyin tí ìyẹ́ rẹ̀ bá jóná kò ní gbé nǹkan ṣe mọ́. Igbó ṣì pọ̀ nígbà náà, oyin sì pọ̀. Bí ẹnì kan bá ba ilé kan jẹ́, ilé mìíràn ṣì wà lókè. Àáké àti iná lè tó fún irú ayé bẹ́ẹ̀. Wọn kò tó fún ẹ̀yìnkùlé tí ògiri ilé méjì sún mọ́ra, tí àwọn ọmọ ń ṣeré, tí ẹ̀rọ amúnáwá àti epo rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni a lo iná. Ní Yúróòpù, fún ọ̀rúndún púpọ̀, inú agbọ̀n koríko ni wọ́n ń sin oyin sí. Bí àkókò ìkórè bá dé, ọ̀pọ̀ wọn a gbé agbọ̀n náà ka orí ihò tí imí-ọjọ́ ń jó nínú rẹ̀, títí gbogbo oyin inú rẹ̀ yóò fi kú.

Ọgbọ́n èéfín

Síbẹ̀, ọgbọ́n mìíràn ti wà láti ìgbà láéláé. Nínú ibojì Rekhmire, ìjòyè pàtàkì kan ní Íjíbítì ní nǹkan bí 1450 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, àwòrán kan wà lára ògiri: ẹnì kan gbé àwo tí ó ń rú èéfín sí ẹ̀gbẹ́ ilé oyin, ẹnì kejì sì ń kó afárá jáde. Kò sí àáké níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń sá.

Kí ni ó dé tí èéfín fi ń tu oyin lójú? Ìdí méjì ni àwọn onímọ̀ rí. Èkíní, bí oyin bá ta ènìyàn, òórùn kan a máa jáde láti ìdí rẹ̀ tí ń ké sí àwọn yòókù pé ogun dé. Ní ọdún 1962 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Boch, Shearer àti Stone, fi hàn pé èròjà kan tí ń jẹ́ isoamyl acetate wà nínú òórùn náà. Ó ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá pa oyin kan mọ́ ara aṣọ rẹ̀ fi ń rí ogún mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín a máa bo òórùn yìí mọ́lẹ̀, igbe ogun náà kò sì ní tàn kálẹ̀. Èkejì, bí oyin bá gbọ́ òórùn èéfín, ó ń ṣe bí ẹni tí igbó ń jó bọ̀ wá bá: a sáré mu oyin yó, kí ó baà lè rí oúnjẹ gbé lọ bí ó bá di pé ó ń sá. Oyin tí ó yó kì í yára ta ènìyàn.

Iná ń sọ fún oyin pé ikú dé, oyin a sì jà bí ẹni tí yóò kú. Àwọn tí ó wà nínú ihò yóò jóná, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lọ sí oko yóò padà dé bá ilé tí ó dàrú, ẹni tí ó bá sì wà nítòsí ni yóò jẹ gbèsè. Èéfín kàn ń sọ pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́ ni. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ìyá agbo àti àpótí

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù rò pé ọba ọkùnrin ni ó ń darí agbo oyin. Aristotle pàápàá lo ọ̀rọ̀ ọba. Ní ọdún 1609, Charles Butler, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi sọ gbangba pé obìnrin ni. Nínú ìwé Yorùbá òde òní, "ayaba oyin" ni a sábà máa ń kà. N kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn, nítorí aya ọba ni ayaba, oyin kò sì ní ọba kankan tí ó fẹ́ ẹ. "Ọbabìnrin" náà kò bọ́ sí i tán, nítorí kì í pàṣẹ; ẹyin ni ó ń yé láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí wọ́n bá bi mí, "ìyá agbo" ni mo máa yàn. Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí oyin wọ ọgbà rẹ̀: ibi tí ìyá agbo bá wà ni agbo yóò dúró sí. Ẹni tí ó bá gbé e wọ inú àpótí láìpa á lára ti gbé gbogbo ilé.

Ní ọdún 1851, ní Amẹ́ríkà, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Lorenzo Langstroth kíyè sí i pé bí àlàfo tí ó wà nínú àpótí bá tó nǹkan bí mílímítà 6 sí 9, oyin yóò fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí yóò máa gbà kọjá. Bí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, yóò kọ́ afárá sí i. Bí ó bá kéré jù, yóò fi oje dí i. Ní 1852 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí àpótí rẹ̀ tí a lè máa yọ afárá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọ́ nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1870, Moses Quinby, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, ṣe agolo èéfín tí ó ní ẹwìrì lára. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe àpótí kan ní Kẹ́ńyà tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bo orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 32, èyí tí ó bá afárá oyin ilẹ̀ Áfíríkà mu. Káfíńtà àdúgbò lè kan án.

Ẹ̀kọ́ láti Bùràsíìlì

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún oyin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Apis mellifera adansonii. Latreille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1804, ní ìrántí Michel Adanson tí ó ṣe ìwádìí ní Senegal. Ó kéré ju ti Yúróòpù lọ, ó sì yára bínú jù ú lọ. Ó ní ìdí. Níbi tí ènìyàn, ẹranko àti iná igbó ti ń fọ́ ilé rẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n jà tàbí tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí lọ kò lè ṣẹ́kù.

Ní ọdún 1956, Warwick Kerr, onímọ̀ ọmọ Bùràsíìlì, kó àwọn ìyá agbo láti Gúúsù àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó lè bí irú oyin tí ooru ibẹ̀ yóò bá lára mu. Ní 1957, agbo 26 sá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ nítòsí Rio Claro. Wọ́n bá oyin Yúróòpù tí ó wà níbẹ̀ lò pọ̀, wọ́n tàn kálẹ̀, wọ́n sì dé Texas ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1990. Àwọn ìwé ìròyìn sọ wọ́n ní oyin apànìyàn. Nínú àwọn ìwé ìwádìí ìgbà náà, adansonii ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni pé ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ti wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un ṣe sí scutellata.

Àwọn ènìyàn kú, ẹranko kú, ọ̀pọ̀ olùsìn oyin sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dúró yí ọwọ́ padà. Wọ́n gbé àpótí jìnnà sí ilé, wọ́n ń wọ aṣọ tí ó bo gbogbo ara, wọ́n sì ń lo èéfín púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lónìí, oyin tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn ni ó ń gbé iṣẹ́ oyin Bùràsíìlì ró. Ní ilẹ̀ kan náà, àwọn tí ń bọ Ọ̀ṣun ṣì ń fi oyin rúbọ sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Kúbà àti ti ilé ti ń ṣe. Ènìyàn kò lè fẹ́ oyin fún òrìṣà, fún ìsọmọlórúkọ àti fún àgbo, kí ó má sì fẹ́ rí ẹni tí ń ṣe é.

Bí ó bá wọ ọgbà rẹ

Ọ̀wọ́ oyin tí ó kàn so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi yàtọ̀ sí agbo tí ó ti kọ́ ilé. Ọ̀wọ́ tí ó so rọ̀ ṣì ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí ni. Kò ní ọmọ, kò ní afárá tí yóò gbèjà rẹ̀, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jà bí a kò bá yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 1949, ní ìlú Munich, Martin Lindauer rí i pé àwọn oyin kan ń jó lára irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, tí eruku bíríkì tàbí ẹ̀ẹ́dú sì wà ní ara wọn: ihò ilé ni wọ́n lọ yẹ̀ wò, ijó sì ni wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn yòókù. Karl von Frisch, olùkọ́ rẹ̀, ni ó ti kọ́kọ́ túmọ̀ ijó oyin, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Bí ìpàdé náà bá parí, wọn yóò gbéra, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kí a kó ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò nítòsí, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Agbo tí ó ti kọ́ afárá sínú igi tàbí ògiri ni ó nílò ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, irú rẹ̀ wà nínú igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi. Aládùúgbò mi kan ti ra epo sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a tètè sun wọ́n kí wọ́n tó ta ọmọ." Ẹ̀rù ọmọ ni ó ń bà á, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Bàbá kan tí ń sin oyin ní abúlé ìtòsí wá ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, agolo èéfín àti àpótí. Ó ní kí gbogbo ilé ti fèrèsé. Nígbà tí mo béèrè bóyá kò bẹ̀rù, ó ní, "Dókítà, oyin kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ilé rẹ̀ ló ń ṣọ́." Ó rú èéfín sí wọn, ó dúró, ó tún rú u, ó gé afárá, ó so ó mọ́ igi inú àpótí. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó gbé àpótí náà lọ. Lẹ́yìn oṣù kan ó ní wọ́n ti ṣí kúrò níbẹ̀, bí oyin ilẹ̀ wa ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí wọ́n ta, kò sì sí igi tí ó jó. Ó ní kí n ha ihò náà mọ́, kí n sì dí i, nítorí òórùn ìda àtijọ́ a máa pe ọ̀wọ́ tuntun.

Ẹni tí ó bá fọ́n oògùn apakòkòrò sínú ògiri, kí ó mọ̀ pé afárá tí kò ní olùtọ́jú yóò yọ́, oyin yóò ṣàn, èèrà yóò tẹ̀lé e, oyin láti ibòmíràn yóò sì wá kó májèlé náà lọ sílé.

Bí wọ́n bá ti dìde sí ọ, má ṣe gbọ́n wọn dànù, má sì bẹ́ sínú omi, nítorí wọn yóò dúró dè ọ́. Bo ojú rẹ, sáré wọ inú ilé tàbí ọkọ̀, kí o sì ti ilẹ̀kùn. Yọ ohun tí wọ́n fi ta ọ́ kíákíá bí ó ti wù kí o yọ ọ́, nítorí oró ṣì ń wọlé níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lára. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò já geere, tí ojú tàbí ahọ́n rẹ̀ ń wú, tàbí tí wọ́n ta ní ibi púpọ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ara ẹlòmíràn kò gba oró oyin, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbàgbé ewúrẹ́ tàbí ajá tí a so mọ́lẹ̀; àwọn ni kò lè sá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ìlú yín bí wọ́n ṣe ń pe ohun èlò oyin ní ẹ̀ka-èdè wọn, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ń dín kù, iṣẹ́ náà sì ń bá wọn lọ.